Súẹ́tà Àlòkù Tó Di Fẹ́ẹ̀tì

Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun kì í bá omi gbígbóná ṣeré. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá rì í sínú omi tó ń hó, tó da ọṣẹ lé e, tó wá ń gún un mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fọ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, súẹ́tà tó gba bàbá tẹ́lẹ̀ yóò sún kì títí yóò fi jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kékeré nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ojú ìhun rẹ̀ yóò pa dé, aṣọ náà yóò nípọn, yóò sì gan. Kò sí áyọ́ọ̀nù tí yóò nà án padà. Nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ náà ni aṣọ ọ̀hún kú. Àmọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn. Wọ́n á ra súẹ́tà àlòkù tí ìgúnpá rẹ̀ ti lu tàbí tí àrà rẹ̀ kò bá ìgbà mu mọ́, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi omi gbígbóná sún un kì, wọ́n á wá fi ohun tó jáde níbẹ̀ gé ìbọ̀wọ́, fìlà, báàgì, bàtà inú ilé àti ohun tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Ohun tí aṣọ náà dà yìí ni wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀tì.

Irú àgùntàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Èyí tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin kò ní irun tó ṣe é ran bí òwú. Irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀, ooru ilẹ̀ yìí kò sì jọ ohun tí ẹran yóò tún máa ru kúbùsù kiri nínú rẹ̀. Àgùntàn onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àgùntàn Màsínà ti orílẹ̀-èdè Mali wà lára ìwọ̀nba tí irun rẹ̀ ṣe é ran, òun ni wọ́n sì fi ń hun kaasa, kúbùsù nínípọn tí àwọn darandaran Fúlàní fi ń bora lóru. Ní ti àwọn Yorùbá àtijọ́, òkè òkun ni aṣọ irun àgùntàn ti ń wá bá wọn. Òdòdó, aṣọ pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè fẹ́ràn, wà lára rẹ̀.

Bí wọ́n bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo fọ́nrán irun àgùntàn kan ṣoṣo, ìpẹ́ ló bò ó bíi ti ẹja, ìpẹ́ kan gun èkejì lẹ́yìn bí páànù orí ilé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pa ẹja láti orí dé ìrù mọ̀ pé yóò yọ̀. Tó bá pa á láti ìrù lọ sí orí, ìpẹ́ á gbéra, á kọ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun yìí. Nínú omi gbígbóná tó lọ́ṣẹ, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á rọ̀, ìpẹ́ ara rẹ̀ á sì gbéra díẹ̀. Bí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ bá wá ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn, wọ́n lè rìn lọ sí ìhà kan, ṣùgbọ́n ìpẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n rìn padà. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n ń fa ara wọn sún mọ́ra, títí aṣọ á fi di odidi kan tí kò ní ojú ìhun mọ́. Nínú ohun tí ojú Yorùbá ti mọ̀, irun dàdá ló sún mọ́ ọn jù: kò sẹ́ni tó dì í, kò sì sí òòyà tó lè tú u. Òwú inú oko kò ní ìpẹ́, nítorí náà àdìrẹ tàbí aṣọ òkè olówùú kò lè di fẹ́ẹ̀tì láé. Akirílíìkì, tí wọ́n fi kẹ́míkà ara epo rọ̀bì ṣe, ń dán lára bí okùn ọ̀rá. Wọn ì báà sè é lọ́jọ́ mẹ́ta, yóò kàn rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ ni.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Pazyryk, lórí àwọn òkè Altai ní Siberia, àwọn awalẹ̀pìtàn rí fẹ́ẹ̀tì aláràbarà nínú ibojì tí yìnyín ti pa mọ́ fún ohun tó lé ní 2000 ọdún. Àwọn darandaran Mongolia ṣì ń fi fẹ́ẹ̀tì bo ilé alágbèéká wọn títí di òní. Irun tí kò tíì kan ọwọ́ aránwùú ni àwọn yẹn ń lò. Ti súẹ́tà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí irun ibẹ̀ ti di òwú, òwú náà ti di aṣọ, kí wọ́n tó wá fi omi sún un kì. Àwọn tó fẹ́ràn àlàyé fínnífínní máa ń fún èkejì yìí ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ fẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń pe méjèèjì, kò sì tíì dá ìjà sílẹ̀.

Yíyan súẹ́tà ni ìdajì iṣẹ́. Ibi tí ojú kọ́kọ́ ń lọ ni lébẹ́lì tó wà lẹ́yìn ọrùn tàbí nínú ìhà aṣọ. Wool ni wọ́n ń kọ sí ti Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, laine sí ti Faransé, Wolle sí ti Jámánì, lana sí ti Ítálì. Èyí tó bá jẹ́ 100% ló dára jù. Tó bá lé ní 80%, tó sì jẹ́ náílọ́ọ̀nù díẹ̀ ni wọ́n fi kún un, ó ṣì ṣe é gbìyànjú; tó bá ti di ìdajì-ìdajì, kí olówó mú owó rẹ̀ dání. Irun àwọn ẹran mìíràn náà ń di fẹ́ẹ̀tì. Cashmere jẹ́ irun múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ irun gidi ara ewúrẹ́ kan, alpaca jẹ́ ti ẹran orí òkè ilẹ̀ Peru, angora sì jẹ́ ti ehoro. Cashmere máa ń di fẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, tó ṣe é fi ṣe ìborùn. Súẹ́tà líle ti Shetland, tàbí èyí nínípọn tí wọ́n fi mọ àwọn apẹja Ireland, máa ń di èyí tó le tó láti fi gé bàtà.

Ìdẹkùn kan wà nínú lébẹ́lì o. Bí wọ́n bá kọ superwash tàbí machine washable sí i, aṣọ náà lè jẹ́ irun àgùntàn pọ́ńbélé kó má sì sún kì rárá. Ilé iṣẹ́ ti fi kẹ́míkà klorín jẹ ìpẹ́ ara irun rẹ̀, wọ́n sì ti fi ohun kan tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá bo ìyókù, kí ẹni tó rà á má baà sunkún lẹ́yìn ìfọṣọ. Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ di òfò fún ẹni tó fẹ́ ṣe fẹ́ẹ̀tì. Àwọn súẹ́tà funfun báláú kan náà máa ń ya olórí kunkun, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi sọ wọ́n di funfun ti ba ìpẹ́ wọn jẹ́.

Lébẹ́lì lè ti já. Nígbà náà, fọ́nrán òwú kan tí wọ́n bá yọ lára ojú rírán yóò jẹ́rìí. Wọ́n á tanná ràn án. Irun àgùntàn kì í fẹ́ jó. Bí iná bá kúrò lẹ́nu rẹ̀, á kú, á sì máa rùn bí ibi tí wọ́n ti ń fi iná jó irun ara àgbò lọ́jọ́ Iléyá. Eérú rẹ̀ á fọ́ kúnnákúnná lábẹ́ ìka. Akirílíìkì á yọ́ bí ọ̀rá, á yọ èéfín dúdú, ohun tó bá sì kù á le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀nà kejì ni blíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun: fọ́nrán irun àgùntàn tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan á yọ́ tán pátápátá, ti akirílíìkì á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìdánwò kejì yìí náà ló fi hàn ìdí tí blíìṣì kò fi gbọ́dọ̀ kan fẹ́ẹ̀tì. Omi eérú tí àwọn aláró fi ń ṣe aró ẹlú náà kò yẹ ẹ́, nítorí ohunkóhun tó bá mú bí omi eérú líle ń jẹ irun; ẹni tó bá fẹ́ pa á láró yóò lo aró tí wọ́n dìídì ṣe fún irun àti sílíkì, èyí tó máa ń fẹ́ ọtí kíkan díẹ̀ nínú omi rẹ̀.

Ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú ni irú súẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ aláàánú, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, Peckham tí Yorùbá kún fọ́fọ́ náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ aláàánú Oxfam wà lára àwọn tó sọ irú ṣọ́ọ̀bù yìí di ohun gbogboògbò, láti orí èyí tó dá sílẹ̀ ní Broad Street nílùú Oxford ní ìparí àwọn ọdún 1940. Nílé, òkìrìkà ni. Òfin Nàìjíríà ka kíkó aṣọ àlòkù wọlé léèwọ̀, síbẹ̀ ọjà Kàtáńgúà ní ìhà Abúlé Ẹ̀gbá l'Ékòó kò jọ ibi tí òfin náà ti dé. Nígbà ọyẹ́ ni bélì súẹ́tà ń tú jáde jù. Akirílíìkì pọ̀ láàárín wọn, àmọ́ ẹni tó bá ń ka lébẹ́lì lè rí irun àgùntàn gidi nísàlẹ̀ òkìtì, nítorí pé ó máa ń yún ni lára, kì í sì í ṣe aṣọ tí oníbàárà ọjà náà ń dù. Súẹ́tà tó lu tàbí tó ní àbààwọ́n lápá kan kò burú fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á gé ibi tó lu sọ nù.

Lẹ́yìn yíyan ló kan fífọ̀. Wọ́n á yọ bọ́tìnnì àti síìpù, wọ́n á tọ́jú wọn, torí bọ́tìnnì aláwọ tàbí onígi lè padà wúlò lára báàgì. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni, inú àpò ìrọ̀rí ni wọ́n ń kó súẹ́tà sí, kí wọ́n so ẹnu rẹ̀, nítorí eruku irun tó ń jáde lára rẹ̀ lè dí ọ̀nà omi ẹ̀rọ. Omi á gbóná tó 60°C, ọṣẹ kò ní pọ̀. Wọ́n á ju ṣòkòtò jíǹsì ògbólógbòó kan tàbí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì mọ́ ọn, kí ohun kan lè máa gún un. Aṣọ dúdú àti aṣọ funfun kì í wọnú ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lè má tó. Àwọn mìíràn ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmì pé ó ti jinná ni pé ojú ìhun kò hàn mọ́, àti pé bí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀, òwú kankan kò ní yọ ẹsẹ̀ jáde. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń dín ju ìbú lọ, nítorí náà ẹni tó ti wọn àwòṣe iṣẹ́ rẹ̀ sára súẹ́tà kó tó fọ̀ ọ́ ti ṣe iṣẹ́ lásán.

Ibi tí kò sí ẹ̀rọ, ọwọ́ á ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ á ro. Omi gbígbóná nínú ọpọ́n, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọṣẹ ìfọṣọ, pákó ìfọṣọ olójú págunpàgun: wọ́n á máa ra á, wọ́n á máa pọ́n ọn, wọ́n á máa gún un, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí. Àwọn kan gbà pé gbígbé aṣọ láti inú omi gbígbóná bọ́ sínú omi tútù léraléra ni àṣírí iṣẹ́ náà. Kò ní ìpalára, àmọ́ ríra àti gígún ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Súẹ́tà tí wọ́n bá rẹ sínú omi gbígbóná mọ́jú láìfọwọ́ kàn án, súẹ́tà tó tutù ni wọ́n máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. Bó bá ti kì tó, wọ́n á ṣan ọṣẹ kúrò, wọ́n á fún un láàárín tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Kó tó gbẹ ni ó ń gbọ́ràn: tí wọ́n bá nà án bo ìdí ìkòkò tàbí abọ́, ìrísí yẹn ni yóò gbẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń yọ fìlà.

Télọ̀ tó bá kọ́kọ́ gé fẹ́ẹ̀tì yóò ṣe kàyéfì, nítorí kò sí pé wọ́n ń wíìfù etí rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé e sí ló dúró sí. Wọ́n lè gé òdòdó, ewé tàbí lẹ́tà nínú rẹ̀, kí wọ́n rán an mọ́ ara aṣọ mìíràn láìṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀. Bí alápatà ṣe mọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ara ẹran ń ṣe nínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń wo súẹ́tà. Àyà àti ẹ̀yìn ló fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni báàgì àti ìrọ̀rí ti ń jáde. Apá aṣọ, tó ti jẹ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀, ń di ìbòrí ìgò omi gbígbóná tàbí ohun tí wọ́n ń wọ̀ sí ojúgun nígbà òtútù. Etí ìsàlẹ̀ àti ọrùn ọwọ́, tí wọ́n hun kó lè máa fà, kì í ṣófò: òun ló ń di ọrùn ìbọ̀wọ́. Ní ti ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò, irun àgùntàn dára nítorí pé kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá, kì í sì í tètè gbaná. Akirílíìkì kò yẹ nídìí iṣẹ́ yẹn rárá. Yóò yọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Ìbọ̀wọ́ kan ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ súẹ́tà àlòkù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń búra fún Joe Biden gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà, Sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders láti ìpínlẹ̀ Vermont jókòó sórí àga tó ṣe é ká pọ̀, ó ká ọwọ́ jọ, ó wọ ìbọ̀wọ́ ńlá aláràbarà kan. Ayàwòrán ilé iṣẹ́ ìròyìn AFP ya àwòrán rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Vermont, Jen Ellis, ló rán ìbọ̀wọ́ náà, ó sì ti fi ta Sanders lọ́rẹ ní ọdún mélòó kan ṣáájú. Súẹ́tà irun àgùntàn àlòkù ló fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ike ìgò omi àlòkù ṣe ló fi tẹ́ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ̀wé sí i pé àwọn náà fẹ́ rà. Sanders fi àwòrán náà sára aṣọ tà, ó sì fi mílíọ̀nù 1.8 dọ́là tó wọlé níbẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́rẹ. Ohun tó dùn nínú ìtàn yìí ni pé ìbọ̀wọ́ náà kò jọ ti olówó, kò sì díbọ́n.

Èérún tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé, wọ́n ń kì í sínú ìrọ̀rí tàbí sínú ohun tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn ń mú abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ̀tì, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n á máa gún irun aláwọ̀ mèremère mọ́ ara fẹ́ẹ̀tì títí yóò fi wọlé ṣinṣin láìsí òwú tàbí ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya ẹyẹ tàbí òdòdó sára báàgì. Abẹ́rẹ́ yìí tètè ń ṣẹ́, ó sì mú gan-an. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

Sísọ aṣọ irun àgùntàn àlòkù di tuntun ti jẹ́ iṣẹ́ ńlá ní àwọn ìlú kan kó tó di iṣẹ́ ìgbafẹ́. Ní Batley, ní ẹkùn Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Law rí ọ̀nà láti ya àkísà irun àgùntàn padà sí irun ní ọdún 1813, kó pò ó mọ́ irun tuntun, kó sì ran án padà. Shoddy ni wọ́n sọ aṣọ náà. Batley àti Dewsbury, ìlú tó múlé tì í, di ibi tí àkísà gbogbo Yúróòpù ń wọ́ lọ. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn kan tó gba iṣẹ́ aṣọ ológun lo èyí tó jẹ́ ayédèrú nínú rẹ̀, aṣọ sì ń já mọ́ àwọn ọmọ ogun lára. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun jákujàku gbogbo. Kò bójú mu fún Batley, tí aṣọ tirẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ òtòṣì la òtútù kọjá. Lónìí, ibẹ̀ ni Oxfam ti ń ṣa aṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò rí tà. Prato ní Ítálì ṣì ń ya àkísà irun àgùntàn, wọ́n sì ń kọ́kọ́ ṣà á ní àwọ̀-àwọ̀ kí wọ́n má baà tún pa á láró. Panipat, ní àríwá Delhi ní Íńdíà, ń sọ súẹ́tà àlòkù di kúbùsù tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń pín fún àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí.

Yíya àkísà báyìí máa ń gé irun kúrú, ìdí nìyẹn tí aṣọ rẹ̀ kì í fi í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Fẹ́ẹ̀tì kò ní wàhálà yẹn, torí kò sẹ́ni tó ya irun rẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà láàárín méjèèjì, òun ni títú súẹ́tà padà sí òwú. Àwọn ahunṣọ Aṣante mọ̀ ọ́n dáadáa: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n ń tú aṣọ sílíkì òkè òkun láti fi òwú aláwọ̀ rẹ̀ hun kẹńtẹ́. Súẹ́tà tí wọ́n hun apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tú gbọọrọ. Èyí tí wọ́n gé bí yádì tí wọ́n sì wíìfù ojú rírán rẹ̀, fọ́nrán kéékèèké ni yóò máa já sí. Irú ìyẹn, kó máa lọ sínú omi gbígbóná.

Iṣẹ́ fẹ́ẹ̀tì tó bá parí ń fẹ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí ó ṣì lè sún kì sí i. Ọ̀tá rẹ̀ gidi ni kòkòrò ajẹṣọ. Kì í ṣe àfòpiná tó ń fò náà ló ń jẹ ẹ́ bí kò ṣe ìdin rẹ̀, tó fẹ́ràn òkùnkùn, òógùn àti ibi tí wọn kì í tú wò. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ṣe fẹ́ẹ̀tì ti pa èyí tó bá súẹ́tà wá láti ọjà. Súẹ́tà tí wọn kò tíì fọ̀ ni kì í yẹ kó wọ inú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn tó ń ra á jọ máa ń dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì fi í sínú fíríísà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́.